Irin Ò Gbọ́ Igbe

Ọdún tí wọ́n fi mí ṣe fọ́mánì ní rélùwéè Ọ̀fà,
fèrè kan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́
pẹ̀lú ìwé tí orúkọ èèyàn méjìlá wà nínú rẹ̀.
Orúkọ ọ̀hún, n ò kà á délẹ̀.
Fèrè ni mo mọ̀. Mo fọn ọ́n títí ètè mi fi bó.
"Ẹ gbé e! Ẹ̀yin ọ̀lẹ yìí, ẹ gbé e!"
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo gbà,
ṣùgbọ́n ta ló fi ariwo dá irin rí?

Wọ́n ń gbé e.
Wọ́n ń gbé e bí ẹni ń ru ẹrù olówó èlé.
Bí mo bá kọjú síhìn-ín, tọ̀hún á dúró;
bí mo bá kọjú sọ́hùn-ún, tìhín á jókòó.
Òkúta tí a dà sídìí pákó láàárọ̀
á ti máa mì kí ọkọ̀ alẹ́ tó kọjá tán.

Mo kọ̀wé sí Ìlọrin: ẹ fún mi ní òṣìṣẹ́ mìíràn,
àwọn wọ̀nyí ò létí.
Ìlọrin ò fèsì.
Mo tún kọ. Ìlọrin dákẹ́ fọ́ọ́.
Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ mọ bó ṣe ń rí
kéèyàn máa sọ̀rọ̀ kí ọ̀gá má dá a lóhùn.
N ò tètè mọ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, Múfútáù Àjàsá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.
Mo rò pé èmi ló ń kí. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, dìde."
Kò dìde. Etí ló fi lé irin.
Ó ní, "Fọ́mánì, irin yìí ń sunkún lẹ́yìn afárá kejì.
Ó ti tó oṣù mẹ́ta."
Mo ní, "Oṣù mẹ́ta! Kí ló dé tó ò sọ?"
Ó nu eruku létí, ó wò mí.
"Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún?
Fèrè?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ànàmọ́ tí ìyàwó mi sè tutù sínú àwo.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ti fèrè mọ́ àpótí.
Mo jókòó sórí pákó láàárín wọn.
Mo ní ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi.
Mo wá ní, "Ọkọ̀ alẹ́ òní,
ọmọ ilé-ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló wà nínú rẹ̀,
wọ́n ń bọ̀ wálé fún ìsinmi.
Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ irin. Ẹ kọ́ mi."
Mo bá dọ̀bálẹ̀, tèmi ti kakí funfun tí mo lọ̀.
Wọ́n rẹ́rìn-ín! Láwúyì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
N ò gbọ́ nǹkan kan o, bí kò ṣe ọkàn ara mi.
Ṣùgbọ́n méjìlá tẹ̀ lé mi dé afárá kejì,
kò sẹ́ni tó fọn nǹkan kan.

Ẹ má rò pé ayé dùn láti ọjọ́ náà.
Láwúyì ṣì ń pẹ́ẹ́ dé.
Ní Jímọ̀ kẹta inú tún bí mi, mo pè é lọ́lẹ.
Ojúde ni mo ti bú u,
n ò sì lọ bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀;
ojúde náà ni mo ti ní, "Láwúyì, mo ṣì í sọ."
Ó ní kò burú. Ó burú díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀.
Mo wá ń pe orúkọ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan:
Adéṣọkàn, bọ́ọ̀tù tó o dè lánàá ò yẹ̀.
Sùmọ́nù, òòlù rẹ ti ń yọ lórí igi, mo rí i.

Oṣù keje ni ìwé Ìlọrin tó dé:
*Ṣàlàyé irú òṣìṣẹ́ tí o ń fẹ́.*
Ẹ̀yìn ìwé náà ni mo kọ èsì sí:
Ẹ má wulẹ̀ fi ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ mọ́.
Òòlù kan ni. Ti Sùmọ́nù.