Omi Èṣí

Ilẹ̀ Kétu kì í fúnni lómi lọ́fẹ̀ẹ́.
A ó gbẹ́lẹ̀ títí, àpáta ni yóò dáhùn.
Lẹ́rùn tí ìkòkò òjò gbẹ délẹ̀ n'Ílíkímù,
èmi ni mo gbé kèrègbè, mo gba ọ̀nà ọ̀gọ̀dọ̀ lọ.
Màlúù ń mu lápá kan.
Bàbá arúgbó kan ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó mí kanlẹ̀: "Áà, ó tù mí."
Mi ò béèrè ohun tó ń jó o lẹ́sẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Mo bu tèmi, mo fewé bò ó kó má baà dà.

Bàbá mi mu igbá méjì, ó súre fún mi:
"O ò ní wá omi tì."

Iṣu ta, iṣu tán. Ọdún yí po.
Lọ́sẹ̀ tí gbogbo ọkùnrin ń kọ ebè
ìléròrò kan lé sí kókósẹ̀ bàbá mi, ó ń ta á bí iná.
Nígbà tó bẹ́, okùn funfun kan yọjú,
tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ.
Sòbìà.
Ìyá àgbà ní ayé ló ṣe é.
Àbúrò bàbá dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ jà nídìí ààlà.
Wọ́n po ewé, wọ́n fi epo pa á. Sòbìà kò mira.

Músé Basílì gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó fọ egbò náà, ó mú igi ìṣáná,
ó we orí kòkòrò mọ́ ọn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.
"Ó tó lónìí. Ẹni tó bá kánjú fà á, yóò já síni lára,
ìyẹn ló ń sọ ẹsẹ̀ di jíjẹrà."
Ìka kan lójúmọ́. Ọjọ́ mìíràn kò tilẹ̀ tó ìka,
bàbá mi á feyín di etí aṣọ mú.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ebè àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kún oko,
tiwa ṣì jẹ́ koríko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni músé béèrè:
"Omi ibo lẹ mu léṣìí?"
Ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ sínú ife, ó gbé e sójú oòrùn.
Ohun kan ń ta pútúpútú níbẹ̀, kò tó horo iyọ̀.
"Èyí ló gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹ̀yin gbé òun náà mì.
Ẹsẹ̀ tó bá sì bọ omi, ibẹ̀ ló ń bímọ sí."
Gbogbo ilé wò mí.
Bàbá mi nìkan ni kò wò mí.
Ó ní: "Lọ mú aṣọ funfun ìyá rẹ wá."
A ta á sẹ́nu ìkòkò, a fokùn dì í.

Ẹ̀rọ omi ti dé báyìí, wọ́n ní sòbìà ti lọ.
Síbẹ̀ n ò tíì lè gbé omi fún àlejò
kí n má kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn.