Ó Ku Ẹyin Kan

Ọdún tí ọ̀dá dá ní Yútà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Odò ẹ̀yìn ilé wa gbẹ títí ó fi di ọ̀nà,
inú rẹ̀ la ń gbà lọ sílé ìwé, bàtà wa kì í tutù.
Àlìkámà yọrí díẹ̀, ó wo ojú ọ̀run,
ó tún orí rẹ̀ dà sílẹ̀.
Bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi tí wọ́n ti ń wa bàbà.
Bàbà gba bàbá, kò dá a padà.
Lẹ́tà méjì ló dé. Owó kò sí nínú èkejì.

Ohun tó wá kù ni adìyẹ méje,
àti ìyá mi, Tọ́rà ọmọ Sọ́rẹ́ńsìn,
àti ìwé pélébé kan tí a fi okùn so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Ibẹ̀ ló ń kọ ẹyin sí.
Mẹ́ta lọ́jọ́ Ajé. Òfo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Méjì lọ́jọ́rú, ọ̀kan rí wọ́gọwọ̀gọ.
Bó bá ka mẹ́sàn-án, a dúró
bíi pé ẹnìkan fẹ́ wọlé.
Ìkẹwàá, inú ìkòkò eérú ló ń lọ: ti Olúwa nìyẹn.
Kì í sì í ṣe èyí tó kéré o.
A máa gbé wọn lé ọwọ́ méjèèjì, a máa wọ̀n wọ́n bí ẹni ń wọn wúrà,
èyí tó wúwo jù ni kì í ṣe tiwa.

Mo ní: Màmá, ṣé Olúwa ń jẹ ẹyin ni?
Ó ní: Dágímà, lọ wá igi wá.

Nínú oṣù kọkànlá, ikọ́ mú Níìsì àbúrò mi.
Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà lábẹ́ ẹ̀wù.
Mo kà á.
Mo dé orí ìkẹwàá, mo dúró.
Lóru ọjọ́ náà mo ki ọwọ́ bọ eérú.
Ife tí a fi ń mumi ni mo fi sè é.
Ó jẹ ẹ́, kò bi mí léèrè ibi tó ti wá.
Èèpo rẹ̀, mo sin ín sílẹ̀ tó le bí àwo.

Oṣù Kejìlá, wọ́n pe ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ṣírò.
Bíṣọ́ọ̀bù Rasimusẹn, àgbẹ̀ bíi tiwa ni,
ọ̀dá kò fo oko tiẹ̀;
ìyàwó rẹ̀ ti yí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ padà, inú ti di òde.
Ó ṣí ìwé ńlá. Ó béèrè ohun tó ń bi gbogbo ènìyàn:
"Arábìnrin, ṣé ìdámẹ́wàá yín pé?"
Mo di etí àga mú.
Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni.
Ìyá mi kò jẹ́ kí tiẹ̀ bọ́.
Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́:
"Ó ku ẹyin kan."

Kò wo ojú mi. Fèrèsé ló ń wò.
Bíṣọ́ọ̀bù gbé kálàmù, yíǹkì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún un tì bọ ìgò,
ó wo bàtà Níìsì tí a fi páálí dí lábẹ́,
ó wá kọ nǹkan.
Ọ̀rọ̀ kan péré ni.
Ilé tí wọ́n kó ìwé náà sí jóná nígbà tó yá.
N kò mọ̀ títí dòní.

Bí a ṣe ń lọ sílé, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.
Ìyá mi ní: "Ṣé ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu?"
Mo ní: "Ó dùn mọ́ ọn."
Ó ní: "Ó dáa."
Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Mo ti darúgbó. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò pọ̀,
mo ń yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀, mo ń fi owó ẹyin kan lé e.
Ọmọkùnrin tó ń gbowó rò pé n kò mọ ìṣirò.
Níìsì sì ń pè mí lórí fóònù, ikọ́ ṣì wà lóhùn rẹ̀:
"Dágímà, èmi ni mo jẹ ẹ́. Jẹ́ kí n san án."
Mo ní rárá.
A ò tíì parí ẹjọ́ náà.