Mo Tún Ilé Wa Wọ̀n

Aṣọ ni mo ń rán ní Òkè-Ẹlẹ́rin,
ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn máṣíìnì kan náà.
Bí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, àwọn ìyá á kó ọmọ dé,
wọ́n á ní, "Ìyá Ọládoyin, ti èṣí ṣì dáa, ẹ kàn tú etí ẹ̀ sílẹ̀."
N kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu.
Téèpù ni mo máa ń fà yọ, mo máa ń wọn èjìká.
Ọmọ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ aṣọ kó tó dàgbà.

Ìdí nìyí tí ojú fi tì mí
lálẹ́ ọjọ́ tí ìjì àkọ́rọ̀ já páànù Òjébòdé,
tó gbé e kọjá lórí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
tó sọ ọ́ sínú oko kaṣú
bí ìwé tí ẹnìkan ti kà tán.
Nígbà tí òjò dá, Òjébòdé jókòó ní pálọ̀ ara rẹ̀,
ó ń ka ìràwọ̀.
Ó ní, "Mo ṣáà ní inṣọ́ránsì."
Ó ní in lóòótọ́.
Ilé oníyàrá méjì ni ìwé rẹ̀ mọ̀,
ilé tí ìjì mọ̀ ní yàrá méje.
Owó tí wọ́n san fún un ra páànù,
kò ra igi, kò ra ìṣó.

Mo délé, mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yọ.
Ọdún tí a bí Ọládoyin ni Àjàdí buwọ́ lu ìwé tiwa.
Ọládoyin ti ń fá irùngbọ̀n.

Mo mú téèpù, mo bọ́ síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Àjàdí ní, "Ṣé kò sí o? Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa."
Mo ní, "Ó ń ṣọ́ wa. Ta ló ń ṣọ́ wáyà?
Bá mi di orí téèpù mú."
Ó dì í mú.
Ṣọ́ọ̀bù tí a so mọ́ ilé: kò sí nínú ìwé.
Kànga ẹ̀rọ: kò sí.
Máṣíìnì mẹ́rin: kò sí,
àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń jókòó rán aṣọ lórí òfìfo.
Sìmẹ́ńtì ìgbà náà, ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀;
ẹ lọ bèèrè ti òní ní Tákíè.

Ti ọkọ̀ ló wá burú jù.
Tẹ́dìpátì.
Mo ní kí Ọládoyin kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì.
Bí Kámúrì wa bá kọlu ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni,
ìwé náà á bá onítọ̀hún sunkún;
bó bá jóná, bí olè bá gbé e,
àwa la ó dá sun tiwa.
Ojoojúmọ́ sì ni Àjàdí ń bá tirela du ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Gbádébọ̀ wá láti ọ́fíìsì wọn ní Sábó,
ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo nínú igbá.
Mo ní, "Dúró ná. Bí ilé yìí bá di eérú lọ́la,
èló gan-an?"
Iye tó sọ kò dùn mọ́ mi.
Iye tí a ó máa san kò dùn mọ́ mi rárá.
Mo san án. Lèésì ọdún Kérésì di èyí tí mo wò lọ́jà lásán.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í pa iná.
A gé apá máńgòrò tó fẹ̀yìn ti òrùlé.
Káfíńtà gun òkè, ó kan ìṣó títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀;
Àjàdí pààrọ̀ táyà tó ti dán bí orí baba rẹ̀.
Lálẹ́, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wo áyọ́ọ̀nù:
ọwọ́ ni mo fi ń wò ó, n kì í fi ojú wò ó.

Lánàá, Òjébòdé yà.
Kò jókòó, kò mu omi.
Ó ní kí n yá òun ní téèpù.