Àdídùn Tí Kò Wọ Ààrò

Ààrò ilé wa ti kú láti oṣù kẹwàá.
Onílé ní òun ń bọ̀. Bíbọ̀ rẹ̀ dà bíi ti oòrùn Sunderland:
rédíò ló ń sọ ọ́, ojú kì í rí i.

Ọjọ́rú, Àṣàkẹ́ ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ìwé pélébé kan:
kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ohun dídùn wá lọ́jọ́ Ẹtì,
wọn yóò tà á, wọn yóò fi owó rẹ̀ ra ìwé kíkà.
"Kéèkì alájà mẹ́ta ni ìyá Kéílì ń ṣe, Màámi."
Mo wo ààrò. Ààrò wò mí.
Mo ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà. Lọ fọwọ́."

Omi hó nínú kẹ́tùlù, a dà á sínú ìkòkò,
a gbé abọ́ jókòó lé e lórí.
Àṣàkẹ́ ń kán ṣokoléètì sí i,
méjì sábọ́, ọ̀kan sẹ́nu,
mo ṣe bí ẹni pé fèrèsé ni mò ń wò.
Ṣokoléètì kọ́kọ́ ṣorí kunkun,
ó làágùn,
ó tẹríba,
ó wá ń dán bí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko bàbá mi lẹ́yìn òjò.

Kí n sọ òótọ́: èyí kọ́ ni òórùn kòkó.
Àwa tí a sá kòkó lórí ẹní ní Ìdànrè mọ òórùn rẹ̀,
ó ń kan bí ọtí àná,
á tẹ̀ lé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó tì mí.
Kòkó, ta ló wẹ̀ ọ́ mọ́ báyìí?
Ìwọ náà rìnrìn àjò, o pa ohùn dà.

Ó dáa. Ẹ̀pà: ọ̀rá kan, oníyọ̀, láti ṣọ́ọ̀bù igun.
Àṣàkẹ́ fọwọ́ ra á, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ sí mi lójú.
A dà á sínú dúdú náà, bọ́tà tó tó àtàǹpàkò,
oyin ṣíbí kan, àbí méjì, ìgò náà ló yọ̀,
a ń bù ú sórí bébà, gegele gegele,
ọgbọ̀n ó lé ọ̀kan.
Ọ̀kan yẹn ò pẹ́ láyé.

Ìkòkò ọbẹ̀ ti gba fìríìjì tán.
Mo gbé àwo náà síta, sẹ́nu fèrèsé.
Òtútù tí mo ti ń bú láti ọdún mẹ́fà,
lónìí mo bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.
Àwọn ẹyẹ òkun gbọ́. Wọ́n tò sórí òrùlé bí adájọ́.
Àṣàkẹ́ wọ kóòtù lé aṣọ oorun, ó di ìgbálẹ̀ mú, ó ń ṣọ́ wọn
títí gbogbo rẹ̀ fi le.

Aago méje alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwé náà síkejì.
Lẹ́tà pupa: Ẹ JỌ̀WỌ́, KÒ GBỌDỌ̀ SÍ Ẹ̀PÀ.
Ọmọ kan wà ní kíláàsì wọn, Kálọ́ọ̀mù,
ẹ̀pà kan ṣoṣo, ọ̀fun rẹ̀ á wú dí.
Àṣàkẹ́ ò sunkún. Ó kàn ń tò wọ́n ní ìlà, ó ń tú wọn ká.

A kan ilẹ̀kùn Missis Dórìn, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Eyín rẹ̀ wà nínú ife.
Ó fi ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń pọ́n ọn lá, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó ń wá orúkọ kan tó ti gbàgbé.
Ó wá ń tu ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mímọ́ fóò.
"Ti àwọn ẹyẹ nìyí," ló wí,
ó ṣí fèrèsé.
Àṣàkẹ́ rántí ìgbálẹ̀, ó wò mí.
Ẹ̀rín pa wá débi pé Missis Dórìn lọ gbé eyín rẹ̀ wọ̀
kí òun náà lè rín in dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì a fọ abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
a rún bísíkíìtì dípò ẹ̀pà, a tún ké sí òtútù.
Onílé tẹ̀ mí láago: òun ń bọ̀ lọ́la, dájúdájú, nítorí ààrò.
Mo lá ṣíbí.
Mo ní, "Ẹ má kánjú, sà."