Ẹ Má Gé Bùsàrí sí Wẹ́wẹ́

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Òkè-Baálẹ̀,
mo yára ṣí kọ̀ǹpútà kí iná tó lọ.
Ẹnì kan ti wọlé mi lóru,
ó ti kó àga, ó ti yí ibùsùn padà,
ó wá lẹ ìwé pélébé mọ́ ara ògiri:
"Ẹ kú oríire! A ti bá yín tún un ṣe."

Ta ló bẹ̀ yín?

Ojú ìwé mi tẹ́lẹ̀, funfun ni,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní àlejò.
Bọ́tìnì mẹ́fà péré ló wà lókè rẹ̀:
èyí tó ń mú ọ̀rọ̀ dúdú, èyí tó ń mú un tẹ̀ bí arúgbó,
àwọn yòókù, n kò fọwọ́ kàn wọ́n rí.
Nísinsìnyí, búlọ́ọ̀kù ni gbogbo rẹ̀.
Mo kọ gbólóhùn kan, ó di búlọ́ọ̀kù.
Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan, búlọ́ọ̀kù mìíràn ló kí mi,
àmì ìròpọ̀ dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
ó ń bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ tò lé e.
Ṣé èmi ni Láwàní tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìlobùú ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.
Àwa tí a jọ wà nílé-iṣẹ́ irin,
tí ooru ìléru jó irun ìpéǹpéjú wa,
à ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èmi Gàníyù, akọ̀wé wọn,
tí mo fi táípúráítà jẹun fún ọdún méjìlélógún,
èmi ni mò ń kọ wọ́n sórí ìkànnì:
ọkùnrin kan, ìpínrọ̀ kan.
Ó máa ń gùn, kì í ní ibi ìsinmi,
nítorí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ òkú níwájú ọmọ òkú
kì í dúró mu omi.

Lánàá ni mo kọ ti Bùsàrí ará Ìkìrun tán.
Ní òwúrọ̀ yìí mo bá a ní mẹ́rin:
ìgbéyàwó rẹ̀ nínú àpótí kan,
ìka rẹ̀ tí ẹ̀rọ gé nínú òmíràn,
owó ìfẹ̀yìntì tí kò rí gbà dá dúró lóun nìkan.
Ọwọ́ mi ṣèèṣì kan máòsì,
ikú rẹ̀ fò sókè, ó ṣáájú ìbí rẹ̀.

Mo pe Mùfútáù tó ń tún fóònù ṣe ní oríta Ọláìyá.
Ó ní, "Bàbá, ti tuntun ni. Bó bá yá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lò."
Mo ní, "Bí wọ́n bá pààrọ̀ bàtà rẹ lójú oorun,
tí tuntun há, ṣé bó bá yá ni wàá máa rìn?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.
Ó wọ ibi ètò, ó wá àfikún kékeré kan rí,
ó ní kó máa sọ̀ kalẹ̀. Dátà mi ń jò bí agolo.
Àwa méjèèjì ń wo ìlà búlúù
bí ẹni ń wo ìrẹsì tí kò tètè jinná.
Ó ní, "Ẹ fúnra yín tẹ èyí."
Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ti àtijọ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

Ó padà wá.
Ẹní mi tẹ́, èmi ò tẹ́.
A bí Bùsàrí, ó gbéyàwó, ó fi ìka sílẹ̀,
ó dúró de owó, ó kú,
kò sí ògiri láàrin.

Mùfútáù ní kí n má tan ara mi,
pé àwọn tó ni ín lè ti ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n.
Mo mọ̀.
A dé ẹnu géètì lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan,
àgádágodo ti yàtọ̀,
ẹnikẹ́ni ò bi wá.
Nígbà yẹn, n kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀.
Iná ṣì wà. Sùnmọ́nù oníkírénì ló kàn.