Ìjókòó Kẹta Lápá Òsì

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù,
nígbà tí aṣọ funfun bá ti bo tábìlì pẹpẹ
ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lípàkàlà, nílùú Oǹdó,
bàbá mi kì í dìde.

Òun ló ru òkúta ìpìlẹ̀ ilé náà.
Owó kòkó ọdún méjì ló fi ra páànù orí rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ìyàwó méjì ló ní,
òfin ìjọ sì ti wí tirẹ̀ tán:
kó jókòó, kó kọrin, kó san owó ìjọ,
kó má ṣe dé ibi irin tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí.

Fìlà lórí orúnkún, ọwọ́ méjèèjì lórí fìlà,
bí ẹni tó di adìyẹ mú kó má baà fò.
Àwọn tó ń lọ síwájú á fẹsẹ̀ kọ ọ́ kọjá,
á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà fún wọn,
á ní, "Ẹ rọra o, ẹ rọra kọjá."

Ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé wa lórí,
mo gba tèmi, mo padà wá jókòó tì í.
Ó tẹ̀ sí mi létí:
"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kí ni mo mọ̀?
"Bíi páálí ni, Bàbá."
Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n.
Ìyá Ìjọ bojú wẹ̀yìn wò wá.

Èmi ò mọ̀ pé mo ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.
Lóko wa lọ́nà Ọ̀wẹnà, nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó,
ọmọ mẹ́sàn-án láti inú ìyá méjì,
ọwọ́ wa ń yọ̀ fún omi kòkó,
Bàbá á yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú iná,
á gbọn eérú rẹ̀ dànù, á fọwọ́ lásán bù ú.
Kì í fi ọ̀bẹ gé e.
Ó ní ọ̀bẹ a máa mọ ọmọ ẹni tó dì í mú.
Akèrègbè omi kan ṣoṣo, ẹnu mẹ́sàn-án lára rẹ̀.
Ẹni tí ikọ́ ń ṣe náà mu ún.

Ó kú. A sin ín. Wọ́n kọrin fún un dáadáa.
Wọn ò gbé ago dé orí ẹní rẹ̀ rí.

Ogún ló kù.
Èmi àti Akínmúlérò, ọmọ ìyálé,
a fa ààlà oko náà títí dé kóòtù l'Ákùúrẹ́,
lọ́yà tèmi, lọ́yà tirẹ̀,
ọdún mẹ́fà tí a ò kí ara wa.
Lóṣooṣù ni mo sì ń kúnlẹ̀ níbi irin.
Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́: òfin ò rí mi mú.
Mo gbé e mì, mo nu ẹnu.
Ìdàpọ̀ ni wọ́n ń pè é.
Kí ni mo dà pọ̀ mọ́?

Títí di ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀pẹ,
tí wọ́n pe ìlà ìjókòó wa,
tí ẹsẹ̀ mi kọ̀.
Ẹnikẹ́ni ò lé mi.
Mo wolẹ̀, mo rí fìlà lórí orúnkún mi,
mo rí ọwọ́ mi méjèèjì lórí rẹ̀.
Àwọn èèyàn ń kọjá. Mo ká ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo gba ọ̀nà Ọ̀wẹnà lọ.
Mo bá a níbi tó ti ń sá kòkó.
Kò kí mi. Bàtà mi ló ń wò.
Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò dání fọ́nká;
mo ní, "Ebi ń pa mí."
Ó pẹ́ kó tó dìde.
Ó wa ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan jáde nínú eérú,
ó bù ú. Kò dọ́gba.
Ó wo méjèèjì,
ó na èyí tó tóbi sí mi.

Ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ààlà ò tíì yanjú.
Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀lé e, a jọ kúnlẹ̀ síbi irin,
ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń gún mi níhà,
òórùn èéfín oko lára aṣọ rẹ̀.
Àlùfáà fi í lé mi látẹ́lẹwọ́.
Bàbá, páálí náà ni,
bí mo ṣe sọ fún yín.
Mo jẹ́ kó yọ́ tán kí n tó dìde.