Nọ́ńbà Kẹrìnlá

Èmi ni mo ń fọ aṣọ wọn ní àgọ́, l'Ábújá.
Ife ẹ̀yẹ márùn-ún, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri;
ọdún tí a kò rọ́wọ́ mú kò sí níbẹ̀.
Mo mọ̀ wọ́n. Aṣọ ọdún tí wọ́n fi omijé bọ̀
kò dọ̀tí ju ti ọdún ayọ̀ lọ,
ọṣẹ kan náà ni mo fi fọ̀ ọ́.

Lánàá, ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ Ponfa,
ọmọ Lantang, ẹlẹ́sẹ̀ òsì.
Ó ní egungun náà ti dàgbà ju ọmọ tó ni ín lọ.
Ìyá rẹ̀ pè, ohùn rẹ̀ ń já lórí fóònù:
"Ọdún tí eéṣú jẹ ọkà bàbà wa ni mo bí i."
Ta ni yóò kọ eéṣú sínú ìwé ìbí?

Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Kò sunkún.
Ó bi mí bóyá tìjọba ni bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́la ni wọ́n máa wọ bàálù.
Nọ́ńbà kẹrìnlá ṣì wà lórí okùn,
ọyẹ́ ti sọ ọ́ di pákó.
Apá rẹ̀ kúrú,
kò dé ibi ọrùn-ọwọ́.